Ẹnu nìkan kọ́ la fi ń ná mọ́tò

Ẹni tó bá fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan ní Mile 12 kì í gbé e sórí láì tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á wò ó bóyá èyí tó ti rà ni wọ́n kó sísàlẹ̀, á béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní ìsọ̀ kejì, kó tó la ẹnu pé iye báyìí lòun fẹ́ẹ́ san. Ẹni yìí kan náà ló máa gbéra lọ́jọ́ Sátidé, tó máa gba ọjà ọkọ̀ Berger lọ pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún náírà tó fi ọdún mẹ́rin tù jọ, tí kò sì ní mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ tó fẹ́ẹ́ rà ju pé ó ń dán lọ. Ẹnu ẹ̀ nìkan ló gbójú lé. Wọ́n ti sọ fún un pé bí Alhaji bá pe ogún, kóun náà pe mẹ́wàá.

Tèmi ni pé irú ìnájà yẹn ò ṣiṣẹ́ lórí mọ́tò. Iye tẹ́ ẹ máa san ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kẹ́ ẹ tó dé ìsọ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ló ń já owó wálẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè ti ta ogójì lọ́dún yìí nìkan. Ẹ̀yin, ẹyọ kan lẹ máa rà láàárín ọdún márùn-ún. Ó mọ iye tó kó lé e lórí, ó mọ ọjọ́ tó dé, ó mọ ibi tó ti gbá. Ẹ̀yin ò mọ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ wá dà bí ìgbà téèyàn jókòó ti ọpọ́n ayò, tí wọ́n fi aṣọ dì í lójú, tẹ́ni tó jókòó sí òdìkejì sì ń ka ọmọ ayò ní tiẹ̀. Ta ló máa jẹ?

Ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní kékeré. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ pé kó lọ wá iye tiẹ̀ lọ́jà, ọkọ̀ ti di nǹkan mìíràn mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nǹkan bíi ₦422 làwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò dọ́là kan tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ gba owó ibodè. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ọkọ̀ ò yí padà, títì ò yí padà, owó oṣù ọ̀pọ̀ nínú wa náà ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àmọ́ dọ́là kan náà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọkọ̀ ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan tó fẹ́ẹ́ fi ọkọ̀ ṣe Bolt. Ká ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ló ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lójúmọ́, lẹ́yìn epo àti àtúnṣe. Tó bá fi mílíọ̀nù mẹ́ta ra ọkọ̀ yẹn ju iye tó yẹ kó rà á lọ, igba ọjọ́ ló máa fi wakọ̀ fún ẹni tó tà á fún un, tí kò ní mú kọ́bọ̀ délé. Igba ọjọ́ o! Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀ṣòdì. Ohun tó wà nídìí kéèyàn múra sílẹ̀ kó tó lọ ná ọkọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá lówó ọkọ̀ tuntun látinú ṣórúùmù, tiẹ̀ rọrùn díẹ̀. Wọn kì í sábà dín owó yẹn kù lọ títí. Ohun tó yẹ kó bá wọn fà ni ìforúkọsílẹ̀, ìnṣọ́ránsì, iye ìgbà tí wọ́n máa bá a ṣe sáfíìsì lọ́fẹ̀ẹ́, àti ohun tí wáráńtì wọn máa bò gan-an. Kó gba gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, kó máa wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Àwa tó kù, tòkunbọ̀ la máa rà. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni tẹ́lẹ̀, kó tó di orúkọ mọ́tò àti fíríìjì. Mo mọ Tòkunbọ̀ kan tí inú ẹ̀ ò dùn sí i rárá.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ni bí ọkọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó, gbàǹjo ni wọ́n ti rà á ní Amẹ́ríkà. Copart àti IAAI ni ilé gbàǹjo méjì tó lórúkọ jù. Àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló sábà máa ń kó ọkọ̀ lọ síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó fún ẹni tó ni ín pé àtúnṣe ẹ̀ ò lérè mọ́ lọ́hùn-ún. Owó tí wọ́n rà á, owó tí ilé gbàǹjo gbà, owó tí wọ́n fi fà á dé èbúté, owó ọkọ̀ ojú omi, owó ibodè ní Àpápá tàbí Tin Can, owó ajẹ́ńtì, owó pánẹ́ẹ̀lì-bítà àtẹni tó kùn ún, lẹ́yìn náà èrè: gbogbo ẹ̀ ló wà nínú iye kan ṣoṣo tí Alhaji ń pè. Lórí owó ibodè nìkan, wọ́n ti fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé ìdá 20 tí wọ́n ń gbà lórí tòkunbọ̀ láti ọdún 2022, ká má tíì ka VAT àtàwọn owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ mìíràn.

Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Iye ọjà kọ́ o, ìṣirò lásán ni. Ká ní wọ́n ra Camry kan ní gbàǹjo ní dọ́là 5,000. Owó gbàǹjo àti fífà dé èbúté, dọ́là 1,100. Ọkọ̀ ojú omi, dọ́là 1,500. Ó di dọ́là 7,600. Tí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, ₦11,400,000 nìyẹn. Ẹ fi mílíọ̀nù mẹ́ta kún un fún owó ibodè, ₦800,000 fún ajẹ́ńtì àti èbúté, mílíọ̀nù kan fún àtúnṣe. Ọkọ̀ ti ná Alhaji ní ₦16,200,000 kó tó jèrè kọ́bọ̀. Tó bá wá pe mílíọ̀nù mọ́kànlélógún, tẹ́yin náà ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, ohun tẹ́ ẹ sọ fún un ni pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Àbúrò, o ò tíì ṣe tán.” Látìgbà yẹn lọ, ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún àbọ̀, á gbójú sókè, á wò yín dáadáa. Ó ti mọ̀ pé ẹ mọ ibi tí bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀.

Níbo lẹ ti máa rí irú iye bẹ́ẹ̀? Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì wo ohun tí wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà lórí Jiji àti Cars45, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tí wọ́n ń pè nìyẹn o, iye tí wọ́n ń tà á máa ń wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá rí lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, tẹ́ ẹ tún rí lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó ẹ̀ ga ju agbára ọjà lọ, ẹni tó ń tà á náà sì ti ń mọ̀ ọ́n lára. Irú wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè.

Lẹ́yìn owó, ìtàn ọkọ̀ ló kàn. Àmì mẹ́tàdínlógún kan wà tí wọ́n ń pè ní VIN. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní apá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ó sì tún wà lára sítíkà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye, ẹ máa lọ. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì ìkẹwàá ló ń sọ ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì. A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé H tó jẹ́ 2017, wọ́n fo I, J sì ni 2018. Camry ọdún 2012 àti ti 2014 jọra bí ìbejì. Tí wọ́n bá pe ọ̀kan ní 2014 fún yín, tẹ́ ẹ wá rí C nípò kẹwàá, ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ẹ́ tà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ara wọn, ọdún méjì sì lówó lórí. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń pààrọ̀ bọ́ńpà àti iná ọkọ̀ àtijọ́ sí ti tuntun, wọ́n á pè é ní “upgrade”. Ojú ló yí padà, VIN ò yí padà.

Ẹ ya fọ́tò VIN yẹn, ẹ lọ jókòó síbì kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Google. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò tí ilé gbàǹjo yà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ẹ́ tà á ló máa jáde: iwájú tó wó, airbag tó ti tú síta, iye máìlì tó wà lójú mítà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ lè ra ìtàn ọkọ̀ náà lọ́dọ̀ Carfax tàbí AutoCheck. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún gbogbo ọkọ̀ tó ti gbá rí. Tẹ́ ẹ bá sá fún gbogbo wọn, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé Lẹ́kkí. Ọkọ̀ tí iwájú ẹ̀ wó díẹ̀, tí wọ́n tún un ṣe dáadáa, lè gbé yín fún ọdún mẹ́wàá, kò kàn yẹ kẹ́ ẹ ra á ní iye èyí tí ò gbá rí ni. Fọ́tò yẹn ló máa bá yín gé owó ẹ̀. Àmọ́ èyí tí omi ti wọ̀, ẹ sá fún un bí ẹni tó rí ejò. Ìjì Harvey tó jà ní Texas lọ́dún 2017 àti Ìjì Ian tó jà ní Florida lọ́dún 2022 tẹ ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ rì, gbogbo wọn kọ́ ni wọ́n sì lọ̀ mọ́lẹ̀. Omi iyọ̀ máa ń jẹ wáyà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ lóṣù kìn-ín-ní, á ṣiṣẹ́ lóṣù kejì, ìgbà tó bá máa dáṣẹ́ sílẹ̀, kò sí wáyà-wáyà tó máa mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára ẹ̀. Ẹ wo ìdí bóòtù tí wọ́n fi de ìjókòó mọ́lẹ̀, bóyá ó ti dípẹtà. Tí òórùn òdòdó bá pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń bò.

Nọ́ọ̀sì kan fi ìwé ọkọ̀ tiẹ̀ hàn mí lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tó rà á, gbogbo iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tàn lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ kú sórí afárá. Ìgbà yẹn ló tó tẹ VIN ẹ̀ sí Google, fọ́tò tó jáde ni ti ọkọ̀ rẹ̀ gan-an, tẹrẹ̀tẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ti dé orí ìjókòó. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un, èsì tó gbà ni pé, “Ṣebí ìwọ fúnra ẹ lo yẹ̀ ẹ́ wò, tó o ní o fẹ́ràn ẹ̀?”

Gbólóhùn yẹn ò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú òfin. Òfin ọjà títà tí wọ́n ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1893, tó ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ òfin káràkátà níbí, dáàbò bo ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn: ọjà náà gbọ́dọ̀ dára tó bó ṣe yẹ. Àmọ́ ó fi kún un pé ẹni tó bá ti yẹ ọjà wò kò lè máa wá pariwo lórí àbùkù tó yẹ kí àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti tú síta. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, tó fẹsẹ̀ gbá táyà, tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sì mi orí bíi pé ó mọ ohun tó ń wò, ti yẹ ọjà wò nìyẹn, lọ́yà ẹni tó tà á á sì dìrọ̀ mọ́ ọn ní kóòtù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ yẹ ọkọ̀ wò, ẹ yẹ ẹ́ wò délẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ń ta ọkọ̀ ara ẹ̀, àwọn tó ń lọ sí Kánádà yẹn. Ẹni tó ti gba fíísà, tí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní ráyè bá yín fa ọ̀rọ̀ gùn, owó lè wálẹ̀ dáadáa lọ́dọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbò òfin tí mo sọ yẹn ò kan ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó ti wà ní Toronto. Ẹ ná an le, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi í léèrè gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó tán. Òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló máa sọ fún yín iye oṣù tí ọkọ̀ ti fi jókòó nínú oòrùn, ló sì máa sọ iye tí dọ́là jẹ́ nígbà tí wọ́n gba owó ibodè. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wọlé nígbà tí dọ́là wọ́n lè máa gbìyànjú láti kó àdánù ẹ̀ lé yín lórí. Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ sì ti pẹ́ nílẹ̀, owó tó fi yáwó ń bí sí i lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Tí wọn ò bá rí ìwé náà fi hàn yín, tàbí tí wọ́n ní “ó wà lọ́dọ̀ ajẹ́ńtì”, ẹ rọra. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 nìjọba ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé gba ojú ọ̀nà ilẹ̀. Ọkọ̀ Kùtọnu tó gba inú igbó wọlé lè fi mílíọ̀nù méjì rẹlẹ̀ sí ti ẹnikejì ẹ̀, ìdí ẹ̀ náà nìyẹn. Lọ́dún 2019, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lọ ti ìsọ̀ àwọn oníṣòwò ọkọ̀ pa káàkiri nítorí ọ̀rọ̀ owó ibodè yìí. Tí wọ́n bá dá yín dúró lójú títì pẹ̀lú ìwé ayédèrú, ọkọ̀ yín ni wọ́n máa gbé, Alhaji á ti máa ta òmíràn. Bákan náà ni ti ọkọ̀ jíjí: ẹni tí kò ní nǹkan kò lè tà á, àní bẹ́ ẹ bá fi gbogbo owó ayé rà á. Olówó ọkọ̀ lè dé nígbàkígbà, òfin sì wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ mẹkáníìkì, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á mú mẹkáníìkì àdúgbò wọn dání, wọ́n á ní “tá a bá rà á, màá fún ẹ ní nǹkan”. Ṣé ẹ rí ohun tẹ́ ẹ ṣe? Ẹ ti ṣe é kó jẹ́ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra ọkọ̀ nìkan ló máa jẹun. Ẹni tó ń tà á náà á fún un ní égúnjẹ tiẹ̀ lẹ́yìn yín. Kí ló fẹ́ẹ́ rí tó máa ní kẹ́ ẹ má rà á? Ẹ san owó iṣẹ́ ẹ̀ fún un kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó yé e pé bẹ́ ẹ rà á bẹ́ ẹ ò rà á, iye kan náà ni. Kó mú ẹ̀rọ tó fi ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dání. Kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, ẹ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tan án. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ń yáná fún kẹ́ ẹ tó dé, nǹkan wà níbẹ̀.

Gbogbo ohun tí mẹkáníìkì bá rí, ẹ sọ ọ́ di náírà. Lára táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí; nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ló ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀. Tó bá jẹ́ 1817, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Ẹ ti mọ iye táyà mẹ́rin kẹ́ ẹ tó wá. Ẹ ti mọ iye bátìrì. Ẹ ti mọ iye tí airbag tí wọn ò dá padà máa ná yín. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ sórí ìwé kan. Ẹni tó ń tà ọkọ̀ lè bá yín jiyàn lórí “ẹ dín in kù”, kò rọrùn fún un láti bá iye táyà jiyàn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá la ẹnu, ẹ má jẹ́ kó pọ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. “Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Oṣù kẹta ló wọlé, a ti wà nínú oṣù kẹwàá. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbó, airbag ọ̀tún ò sí níbẹ̀, fọ́tò ibi tó ti gbá náà rèé. Mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ni mo lè san lónìí, kó tó di aago mẹ́rin.” Lẹ́yìn náà, ẹ panu mọ́. Ìdákẹ́ yẹn máa ń ni ọmọ Yorùbá lára, torí a ti mọ́ ọn lára pé ká máa fi ẹ̀rín àti àdúrà dí àlàfo. Ẹ jẹ́ kóun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀sìn tàbí ìlú kan náà lè mú kó fún yín ní omi tútù mu. Kì í dín owó tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lọ.

Ẹ má mú ọ̀rẹ́ márùn-ún dání. Ẹnì kan nínú wọn máa pariwo lójú Alhaji pé, “Ha, ọkọ̀ yìí bá ẹ mu gan-an!”, mílíọ̀nù kan ti lọ nìyẹn. Ẹ tún má sọ iye tẹ́ ẹ ní lápapọ̀, torí ìwé àti nọ́ńbà ṣì wà níwájú, ìnṣọ́ránsì tí òfin ní kẹ́ ẹ ní, tó ti kúrò ní ₦5,000 tó sì di ₦15,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ṣì wà níwájú.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ̀ ń bínú pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ẹ́ san owó, àmọ́ àbúrò yín ọkùnrin tẹ́ ẹ mú dání lẹni tó ń ta ọkọ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ìbínú yín tọ́. Ẹ jẹ́ kó máa bá a sọ ọ́ lọ, kẹ́yin máa ka VIN. Ohun táwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn máa ń jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá rò pé obìnrin tó wà níbẹ̀ ò mọ nǹkan kan pọ̀.

Mi ò sọ pé olè làwọn tó ń ta ọkọ̀. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, dọ́là ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun kan. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti kó ọkọ̀ wọ̀nyí wá, láti ọdún 1985 ni òfin ti ní kí gbogbo oníṣòwò tó ń ta ọkọ̀ àlòkù lẹ ìwé kan mọ́ fèrèsé ẹ̀, tó máa sọ bóyá wáráńtì wà àbí bó ṣe wà ni wọ́n ṣe ń tà á. Tí ọkọ̀ náà bá dé Èkó, ohun tá à ń rí lójú gíláàsì ni nọ́ńbà fóònù. Bẹ́ẹ̀ òfin wà níbí náà. Òfin ọdún 2018 tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀ ní kí wọ́n fi hàn kedere pé ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe ni wọ́n ń tà, ó sì ní kí ẹni tó tajà fún ẹni tó rà á ní àkọsílẹ̀. Ẹ rin Berger já lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ bá mi ka iye ọkọ̀ tó ní ìwé tó ń sọ ìtàn gbàǹjo ẹ̀. Mi ò tíì rí ẹyọ kan. Ohun tó yẹ kí FCCPC fi bẹ̀rẹ̀ ò le: VIN, iye máìlì ọjọ́ gbàǹjo, àti bóyá omi wọ̀ ọ́ rí, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lójú gíláàsì. Àwọn oníṣòwò máa ní ọjà ò ní lọ mọ́. Ọjà máa lọ. Iye tó yẹ kó lọ ló máa lọ.

Kí wọ́n tó ṣe é, rìsíìtì yín ni FCCPC yín. Owó kò gbọ́dọ̀ lọ sí àkáǹtì tí orúkọ ẹ̀ yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lórí ìwé. Kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ohun gbogbo tí Alhaji ti fẹnu sọ, ẹ ní kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì yẹn, kó buwọ́ lù ú: VIN, ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì, pé owó ibodè ti pé, pé omi ò wọ̀ ọ́ rí, pé òun ló ni ọkọ̀ tàbí wọ́n rán òun láti tà á, ọjọ́ tí nọ́ńbà máa jáde. Ó lè ní, “Àbúrò, ṣé o ò fọkàn tán mi ni?” Ẹ dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, Alhaji, bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.” Tó bá kọ̀ jálẹ̀ láti kọ “omi ò wọ̀ ọ́ rí” sílẹ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kẹ́ ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.